Oníṣòwò Tó Ń Ná Ọjà Ṣáínà Gbọ́dọ̀ Gbọ́ Èdè Ibẹ̀

Àdúgbò Louis ní ìlú Libreville ń jẹ́ orúkọ ọba Mpongwe kan, Anguilé Dowé, tí àwọn Faransé ń pè ní Ọba Louis, ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Bouët-Willaumez, ọ̀gá nínú àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹta ọdún 1842, tí èdè tí a fi kọ ìwé náà kì í sì í ṣe èdè tí a fi tọ́ ọba náà dàgbà. Láti ìgbà náà wá, ẹsẹ̀ àlejò kò dá ní àdúgbò yìí. Ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ìsọ̀ ló kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ Oòduà sì wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn tó ń ná ibẹ̀: ọmọ Alákétu, ọmọ Pọ́bẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́, àti àwọn tó ti Nàìjíríà wá, Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, àti Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló, tí àwọn baba wọn fi aṣọ títà la ọ̀nà tí ọkọ̀ kò tíì mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọjà tí púpọ̀ nínú wọn ń tà, ì báà ṣe ní Louis, ì báà ṣe ní Mont-Bouët tó tóbi ju gbogbo ọjà Libreville lọ, kì í ṣe ọjà Gàbọ̀n, kì í sì í ṣe ọjà Faransé mọ́. Bàtà, fóònù, irun àtọwọ́dá, abọ́, iná sólà àti aṣọ léèsì, Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá: láti Guangzhou ní gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti fi àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli ṣe ibùjókòó, láti Yiwu ní ẹkùn Zhejiang, ìlú tí a mọ̀ káríayé fún ọjà wẹ́wẹ́, àti láti Keqiao, ní ìlú Shaoxing, tí ọjà aṣọ rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó bá rìn ín láàárọ̀ kò lè rìn ín tán kí oòrùn tó wọ̀. Oníṣòwò wa tó bá fẹ́ lọ sí ibẹ̀ a fi owó lé alárinà kan lọ́wọ́ pé kó bá òun ra tíkẹ́ẹ̀tì, a fi òmíràn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kó bá òun gba yàrá, bó bá sì dé ọjà tán, ẹnì kẹta ni yóò dúró láàárín òun àti olójà láti máa ṣe ògbufọ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni làádà ti ń jáde, èyí tí ojú rẹ̀ rí, àti èyí tó wọ inú iye ọjà tí ojú rẹ̀ kò lè tó.

Ìwé ìròyìn yìí gbà pé àkókò tó kí ìyẹn dópin. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ bá Ṣáínà ṣòwò gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Ṣáínà dé ìwọ̀n tí yóò fi lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, kó gba yàrá ara rẹ̀, kó sì ka ohun tí ó fẹ́ tọwọ́ bọ̀. A sì gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Libreville, àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa níbẹ̀, àti àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ń ta ìrìnàjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ni ó ní ipa láti kó nínú rẹ̀.

Kò sí ohun àjèjì nínú ohun tí a ń wí. Àwọn tó kó obì lọ sí ilẹ̀ Haúsá ní ìgbà àwọn baba wa kò dúró de ògbufọ̀. Wọ́n gbọ́ Haúsá bí ẹni pé ìyá wọn ló fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ tó ń pàtẹ ní Tamale tàbí ní Kumasi fi ẹnu ara rẹ̀ ná ọjà, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde kúrò ní Gánà. Èdè tí wọ́n gbọ́ kò gbà wọ́n lọ́wọ́ òfin yẹn, a kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ èyí tó bá tún dé. Gàbọ̀n náà ti ní ìtàn tirẹ̀: nígbà tí ìjà dé láàárín Ààrẹ Omar Bongo tiwọn àti Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Benin, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun a-fowó-bẹ̀ kọlu Cotonou ní oṣù Kìíní ọdún 1977, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni a lé kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1978, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí kò dà bí ti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ro àròjinlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Gàbọ̀n pinnu pé àwọn iṣẹ́ kan yóò di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan, nínú èyí tí òwò kéékèèké àdúgbò, títún fóònù ṣe, irun ṣíṣe lójú pópó, àti fífi owó ránṣẹ́ láìgba àṣẹ wà. A kò bá ìjọba Gàbọ̀n jà lórí èyí. Ẹni tó ni ilé ló ń sọ ibi tí àlejò yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí òwò àwọn ènìyàn wa ṣe rí yóò rí i pé ilẹ̀kùn tí a tì yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé, èyí tó sì kù ní ṣíṣí ni ti oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tó ń kó ẹrù wọlé ní èbúté Owendo, tó sì ń tà á fún àwọn tí yóò tún un tà. Gbòǹgbò irú òwò bẹ́ẹ̀ kò sí ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ibi tí ọjà ti ń wá ni ó wà. Ẹni tí kò lè bá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò kàn jẹ́ ẹlẹ́rù fún alárinà rẹ̀ ni.

A mọ ohun tí wọn yóò fi dá wa lóhùn: pé èdè Ṣáínà le, pé àgbà kì í kọ́ èdè mọ́, pé fóònù ń túmọ̀ ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó le nínú wọn kọ́kọ́. Èdè Ṣáínà tí ìjọba wọn ń lò ní ohùn mẹ́rin, àti ìkarùn-ún tó fúyẹ́ tí a kì í kà mọ́ wọn. Ohùn kìíní wọn dúró lókè gan-an bí mí wa. Ìkẹta wọn, bó tilẹ̀ ń wọ́ sísàlẹ̀ kó tó gbéra nígbà tí a bá pè é ní òun nìkan, a máa wà nísàlẹ̀ nínú gbólóhùn bí dò. Ìkejì ń gun òkè, ìkẹrin ń sọ̀kalẹ̀. Yorùbá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfura, nítorí mí tó bá tẹ̀lé dò a máa gun òkè, dò tó bá sì tẹ̀lé mí a máa wọ́ bọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọmọ Faransé ń fi ọ̀pọ̀ oṣù wá, tí etí rẹ̀ kò sì tètè gbà, etí ọmọ Yorùbá ti gbà á láti inú oyún. Àmì ohùn tó wà lórí fáwẹ́lì kò sì jẹ́ ẹrù fún ẹni tó ti ka ìwé Yorùbá rí, nítorí pinyin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi álífábẹ́ẹ̀tì kọ èdè náà, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 1958, àmì bí irú tiwa ni ó ń lò.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀ ni èémí. Nínú èdè wọn, èémí tó ń tú jáde ni wọ́n fi ń ya b àti p sọ́tọ̀, àti d àti t, àti g àti k. P wọn kì í sì í ṣe p tó wà nínú “apá” wa rárá. Zh, ch àti sh tún wà, tó yàtọ̀ sí j, q àti x, tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi sùúrù mú akẹ́kọ̀ọ́ tọ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkà, tí í ṣe ọkàn òwò: ẹni tó ti kọ́ láti ka márùndínlógójì, tó ní láti dé ogójì kó tó padà sẹ́yìn, yóò rí ìsinmi nínú òǹkà tí kì í yọ ohunkóhun kúrò nínú ohunkóhun, tó kàn ń pe mẹ́ta, mẹ́wàá, márùn-ún tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ará Ṣáínà a sì tún máa fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo ka oókan dé ẹẹ́wàá, ọgbọ́n tí a lè kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì wúlò nínú ariwo ọjà ju ìwé lọ.

Ní ti àwọn lẹ́tà wọn tó dà bí àwòrán, òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀: ìwé ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde ní ọdún 2013 ní 8,105 nínú, 3,500 nínú wọn sì ni a kà sí èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò jù. A kò ní kí oníṣòwò Louis di ọ̀mọ̀wé. Nínú ìlànà HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà onípele mẹ́fà tó ti wà fún ọdún púpọ̀, ipele kìíní kò béèrè ju ọ̀rọ̀ 150 lọ, ìkejì 300. Ẹni tó bá ní ìwọ̀nyí, tó sì fi bí ogójì tàbí àádọ́ta lẹ́tà ìrìnàjò kún un, èyí tó ń sọ pé a lè dá tíkẹ́ẹ̀tì padà tàbí pé a kò lè dá a padà, pé a lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà tàbí pé ó ti dè, pé yàrá ní fèrèsé tàbí kò ní, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú àwọn tí òwe ń bá wí pé àlejò lójú, kò fi í ríran. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni àádọ́ta ọdún lè wọ̀ ọ́ bí ẹni ogún ọdún, bí ẹ̀kọ́ náà bá ti bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Fóònù tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wúlò, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni, pàápàá níbi tí owó bá ti wà, ẹni tó bá sì mọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò ní Ṣáínà yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Ctrip bẹ̀rẹ̀ ní Shanghai ní ọdún 1999, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì wọ ilé púpọ̀, tó fi jẹ́ pé káàdì ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń pín fún àwọn arìnrìnàjò ní pápákọ̀ òfurufú àti ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí ẹni tó bá gba káàdì yóò fi tẹ̀ wọ́n láago láti gba yàrá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003 wọ́n ti ń ta ìpín ìdókòwò wọn ní Nasdaq ní Amẹ́ríkà. Qunar, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, bọ́ sábẹ́ wọn ní ọdún 2015. Ní ọdún 2016 wọ́n ra Skyscanner ti ìlú Edinburgh ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.4 owó pọ́n-ùn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í wá tíkẹ́ẹ̀tì ní Libreville àti ní Èkó kò mọ̀ pé ọwọ́ Ṣáínà ló wà. Ní ọdún 2019 wọ́n sì yí orúkọ gbogbo agbo ilé náà padà sí Trip.com Group. Tongcheng àti eLong da ara wọn pọ̀ ní ọdún 2018. Alibaba ní Fliggy. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ni 12306, ojú òpó ìtakùn tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọn fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ òkèèrè ti lè fi orúkọ ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Guangzhou dé Yiwu láìsan kọ́bọ̀ fún alárinà kankan.

Ilé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́ ní ẹnu ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún àwọn tó gbọ́ èdè wọn, ọ̀kan fún àlejò, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ti ìṣáájú ló wà ní ti ìkejì. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo oníṣòwò aṣọ yẹ kó mọ̀, pàápàá nítorí pé ilé ẹjọ́ Keqiao, ìlú tí wọ́n ti ń ra léèsì, ni ó ti wáyé. Obìnrin kan, ọmọ Ṣáínà, tí Ctrip kà sí oníbàárà pàtàkì, tí a sì ti ṣèlérí ẹ̀dínwó fún, fi áàpù wọn gba yàrá ní 2,889 yuan. Nígbà tó ń kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì náà ló rí i pé iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún yàrá ọ̀hún kò ju 1,377.63 yuan lọ. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé wọ́n tàn án jẹ, ó sì ní kí wọ́n san ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n fi lé e, pẹ̀lú ìyókù owó tí wọn kò tíì dá padà, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,777.48 yuan. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ọmọ onílẹ̀ tó mọ̀wé kà, ẹ rò ó wò fún ẹni tí kò lè ka páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó sì gba obìnrin yìí sílẹ̀ kò ju pé ó mọ̀ ọ́n kà lọ.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn tún ju owó lọ. Òfin Ṣáínà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yóò ṣe é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, a lé àwọn ọmọ Áfíríkà kúrò nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, títí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Beijing fi kọ̀wé ẹ̀hónú sí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn. Ní ọdún 2024 ìjọba Ṣáínà kìlọ̀ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ àlejò nítorí pé ó jẹ́ àjèjì. Ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn mẹ́ta níwájú tábìlì ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì láago mọ́kànlá òru, tó sì lè tọ́ka sí àṣẹ náà, ipò rẹ̀ kì í ṣe ipò ẹni tó ń fi fóònù wá alárinà tó ti sùn. A sì rántí pé ìyọ̀ǹda wákàtí 240 tí Ṣáínà fún àwọn tó ń kọjá lọ láìní físà kò kan Nàìjíríà, Benin tàbí Gàbọ̀n. Físà ni tiwa, físà sì ń béèrè ìwé tó péye. Bí alárinà bá fi yàrá tí a kò sanwó fún kọ́ ìwé físà ẹnìkan, orí ẹni tó ni páásípọ́ọ̀tì ni yóò wó lé.

Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀? A kò ní fi í sọ́rùn ẹnì kan. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà fẹ́ owó wa, ṣùgbọ́n wọn kò fi dandan sọ òfin ìdápadà tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní èdè tó yé wa kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ìjọba wa ń rán ọmọ lọ síbẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọn kò sì ronú kan oníṣòwò tó ń fi owó ara rẹ̀ lọ. Ní Libreville, Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius wà ní Yunifásítì Omar Bongo, bó ti wà ní Yunifásítì Èkó àti ní Abomey-Calavi, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń kọ́ni níbẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, orúkọ ẹbí àti yàrá ìkàwé, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ẹgbẹ́ tiwa ńkọ́? A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú sí wa: owó tí a ń fi ra aṣọ ẹbí fún ìkómọjáde méjì tó láti sanwó olùkọ́ kan fún sáà kan. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò fúnra rẹ̀, tó máa ń fi ìwé kíkà sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ náà kì í sì í bá a dé Guangzhou.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Libreville, ti Nàìjíríà àti ti Benin pọ̀, nítorí ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, gba yàrá kan ní Louis fún ẹ̀kọ́ alẹ́, kí wọ́n sì bá Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius ní Yunifásítì Omar Bongo sọ̀rọ̀ pé kí ó rán olùkọ́ wá, lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò bá ti kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú olùkọ́ náà láti to ohun tí wọn yóò kọ́: òǹkà ṣáájú, ohùn lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ ìlú àti ibùdókọ̀, páásípọ́ọ̀tì, ìdápadà owó, ìyípadà ọjọ́, ìwọ̀n ẹrù, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìnájà. Kí wọ́n fi fóònù gidi kọ́ ọ, lórí 12306 àti Ctrip ti èdè Ṣáínà pẹ̀lú Trip.com, ẹnu ọ̀nà ti àlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ojú ara rẹ̀ wo iye yàrá kan náà ní ibi méjèèjì. Kí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wa máa fún oníbàárà ní ìwé tí orúkọ rẹ̀, iye tí ilé iṣẹ́ gbà, làádà tí àwọn gbà, àti ìlànà ìdápadà wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fi èyí mú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì di ẹgbẹ́. Kí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà àti ti Benin ní Gàbọ̀n bá ti Ṣáínà jókòó, nítorí Gàbọ̀n àti Ṣáínà ti ń bá ara wọn bọ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 1974, ohùn àwọn oníṣòwò tó ń gbé láàárín wọn yóò sì dé ibi tó yẹ bí a bá gbé e lọ pẹ̀lú ìwé. Ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìrìnàjò kò pọ̀: kí ìlànà ìdápadà fara hàn ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìsanwó, kí òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní gba páásípọ́ọ̀tì wa sì máa hàn lójú áàpù kí a tó sanwó fún un.

Ìpàtẹ ọjà ńlá ti Guangzhou, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹrin àti ní oṣù Kẹwàá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí kíláàsì àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí àwọn tó lọ sí ti oṣù Kẹwàá bá ti gúnlẹ̀ padà, kí ìdánwò ìparí rẹ̀ sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ti oṣù Kẹrin, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan rà fúnra rẹ̀ lójú olùkọ́, ní èdè Ṣáínà.